Ìbò Clare ọdún 1828, àti àwọn àgbẹ̀ tó gbé O'Connell wọlé

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1828, ìbò parí ní ìlú Ennis, olú ìlú ẹkùn ìdìbò Clare ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́láǹdì. Daniel O'Connell ní 2,057. William Vesey-FitzGerald ní 982. Ẹni tó wọlé kò lè jókòó nílé aṣòfin, nítorí pé ọmọ ìjọ Àgùdà ni. Ẹni tó fìdí rẹmi jẹ́ mínísítà tuntun nínú ìjọba Ìlú Ọba, onílẹ̀ tí aráàlú fẹ́ràn, ẹni tó sì ti ń gbè lẹ́yìn ẹ̀tọ́ àwọn Àgùdà tipẹ́. Kí ló dé tí àwọn àgbẹ̀ fi kọ ẹni tó ń ṣe tiwọn, tí wọ́n yan ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́? Báwo ni wọ́n ṣe rí i ṣe lójú àwọn onílẹ̀ wọn? Kí ló sì gbẹ̀yìn àwọn àgbẹ̀ náà? Ìbéèrè kẹta yìí ni mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ àkọsílẹ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ròyìn Clare máa ń sáré kọjá.

Bí nǹkan ṣe rí ṣáájú nìyí. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kínní ọdún 1801, Írẹ́láǹdì kò ní ilé aṣòfin tirẹ̀ mọ́. Aṣojú 100 ló ń rán lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, méjì nínú wọn sì ń ṣojú Clare. Kí ìṣọ̀kan Írẹ́láǹdì pẹ̀lú Ìlú Ọba yẹn tó wáyé, ìjọba William Pitt ti jẹ́ kí àwọn Àgùdà nírètí pé bí wọn ò bá ta kò ó, ilẹ̀kùn ilé aṣòfin yóò ṣí fún wọn. (Àgùdà ni mo pè wọ́n, bí àwọn àgbà Èkó ṣe ń pe ìjọ Póòpù.) Ọba George Kẹta fárí gá, ó ní òun ò ní fọwọ́ sí i. Pitt kọ̀wé fipò sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún tó lé ní 25. Bẹ́ẹ̀ Àgùdà ló pọ̀ jù lọ nínú àwọn ará Írẹ́láǹdì.

Òfin kò sọ níbì kankan pé Àgùdà kò gbọdọ̀ díje. Ìbúra ló dí ọ̀nà. Kí aṣòfin tó jókòó, yóò búra pé Póòpù kò ní àṣẹ kankan nílẹ̀ náà, yóò sì kéde pé ìbọ̀rìṣà ni ìrúbọ Máàsì. Àgùdà wo ni yóò la ẹnu rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀?

Ti ìbò dídì yàtọ̀. Láti ọdún 1793 ni Àgùdà ti lè dìbò ní Írẹ́láǹdì, bó bá ní ilẹ̀ tí èrè rẹ̀ tó ṣílè 40 lọ́dún lẹ́yìn ìṣákọ́lẹ̀, tí ìwé ilẹ̀ náà kò sì ní parí títí ẹni tí wọ́n dárúkọ sínú rẹ̀ yóò fi kú. Àwọn onílẹ̀ ńláńlá tètè rí èrè tó wà ńbẹ̀ fún wọn. Wọ́n ń gé ilẹ̀ sí wẹ́wẹ́, wọ́n ń fún àwọn àgbẹ̀ níwèé, kí ìbò tó wà lápò wọn lè máa pọ̀ sí i. Lọ́jọ́ ìbò, ọmọọṣẹ́ onílẹ̀ a kó wọn jọ, a kó wọn lọ sígboro bí ẹni da ẹran. Olúkúlùkù a bọ́ síwájú akọ̀wé, a fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ẹni tí ọ̀gá ń fẹ́. Kò sí àpótí ìbò, kò sí àṣírí. Ọdún 1872 ni òfin ìbò ìkọ̀kọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun tó ń mú kí àgbẹ̀ gbọ́ràn kò le láti lóye. Àṣà ibẹ̀ ni pé ìṣákọ́lẹ̀ oṣù mẹ́fà máa ń wà lọ́rùn àgbẹ̀, onílẹ̀ a sì fọwọ́ lẹ́rán. Kì í ṣe àánú. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá pe orúkọ ẹlòmíràn níwájú akọ̀wé, onílẹ̀ a ní kó mú gbogbo gbèsè náà wá ní kíákíá. Bí kò bá rí i san, òun, ìyàwó àti ọmọ di ẹni tó ń sùn sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ bá ń wo iye 2,057 yẹn. Ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú wọn dúró ní gbangba, ó sọ ọ́ jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

O'Connell jẹ́ lọ́yà láti Kerry. Ní ọdún 1823 òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Àgùdà sílẹ̀ ní Dublin. Fún ìgbà díẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn olówó àti àwọn lọ́yà ló jẹ́, bíi ti àwọn tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Ohun tó yí i padà dé ní 1824: pẹ́nì kan lóṣù. Ẹni tó bá ti ń dá pẹ́nì kan ti di ara ẹgbẹ́. Àwọn fadá ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, owó tó ń wọlé sì pọ̀ kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni rò. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, orúkọ ṣe pàtàkì ju owó lọ. Ẹgbẹ́ wá mọ ẹni tó wà lábúlé kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tí wọ́n lè rán níṣẹ́ níbẹ̀, ó sì mọ fadá tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Kò sí onílẹ̀ kan ní Írẹ́láǹdì tó ní irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ wáyé ní 1826, ní Waterford, ibi tí ìdílé Beresford ti ń dárí ìbò bó ṣe wù wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ oníṣílè 40 fi Lord George Beresford sílẹ̀, wọ́n dìbò fún Villiers Stuart, Pùròtẹ́sítáǹtì tó fẹ́ ẹ̀tọ́ fún àwọn Àgùdà. Beresford rí bó ṣe ń lọ, ó jáwọ́ kí ìbò tó parí. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Louth, Monaghan àti Westmeath. Ìyà tẹ̀ lé e kíákíá: àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè gbèsè. Ẹgbẹ́ yọ nínú owó pẹ́nì fi ran àwọn tí wọ́n ń fìyà jẹ lọ́wọ́. Bí ẹgbẹ́ kò bá ṣe èyí ní Waterford, n kò rò pé àgbẹ̀ Clare kan yóò ya ẹnu rẹ̀ lọ́dún méjì lẹ́yìn náà.

Àyè wá ṣí sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò fojú sí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1828, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ìjọba Duke ti Wellington lórí East Retford, ìlú kékeré kan ní England tí wọ́n fẹ́ gba ìjókòó rẹ̀ nítorí rìbá ìbò. William Huskisson àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ìjọba sílẹ̀. Wellington mú FitzGerald, aṣojú Clare, ó fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ ìṣòwò. Òfin ìgbà náà sì ni pé aṣòfin tó bá gba ipò mínísítà gbọ́dọ̀ padà lọ tọrọ ìbò lọ́wọ́ àwọn tó rán an. Ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé ẹni náà a padà sílé, wọn a pàtẹ́wọ́ fún un, ó di Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹgbẹ́ Àgùdà ti ṣèpinnu pé àwọn yóò ta ko ẹnikẹ́ni tó bá bá ìjọba Wellington ṣe, bó ti wù kó dára tó. FitzGerald sì dára. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ta ko ìṣọ̀kan ọdún 1800. Òun fúnra rẹ̀ kì í fi iṣẹ́ du àwọn Àgùdà Clare. Ìpinnu ẹgbẹ́ ló lágbára ju ìwà rẹ̀ lọ, ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sì ti máa ń yẹ̀ nìyẹn: wọ́n á ní “ti lágbájá yàtọ̀, èèyàn wa ni.” Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá ti yọ ẹnìkan sílẹ̀, ìpinnu ti di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán.

Ta ni wọn yóò wá fà kalẹ̀? Wọ́n kọ́kọ́ lọ bá Major William Nugent Macnamara, Pùròtẹ́sítáǹtì, ọmọ ilẹ̀ Clare. Ọ̀rẹ́ O'Connell ni. Òun ló dúró tì í ní 1815 nígbà tí O'Connell àti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ D'Esterre yìnbọn lura wọn, tí D'Esterre sì kú. Macnamara ní rárá o, ìdílé òun jẹ FitzGerald lóore. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ forí ṣánpọ́n. Ká ní ó gbà ni, bóyá yóò wọlé, bóyá kò ní wọlé. Èyí ó wù kó jẹ́, Pùròtẹ́sítáǹtì kan ni yóò rọ́pò Pùròtẹ́sítáǹtì mìíràn, Lọ́ńdọ̀nù ì bá sì tún orí fi lé ìrọ̀rí.

Ìgbà náà ni àwọn kan rántí ọ̀rọ̀ John Keogh, aṣáájú Àgùdà ìgbà àtijọ́ tó ti kú ní 1817. Keogh máa ń sọ pé àwọn ará England kò ní mọ ìtumọ̀ ìyà tí òfin yìí fi ń jẹ àwọn Àgùdà títí wọn yóò fi fojú ara wọn rí ọkùnrin kan tí aráàlú yàn, tí wọ́n lé padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ O'Connell kan, P. V. FitzPatrick, gbé ọ̀rọ̀ yìí tọ̀ ọ́ wá: ìwọ gan-an ni kó lọ. O'Connell ṣiyèméjì díẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà ó kéde fún àwọn olùdìbò Clare pé òun ń bọ̀. Ó sọ ọ́ kedere pé òun kò ní búra pé ìbọ̀rìṣà ni Máàsì láé, ó sì ní kí wọ́n yàn láàárín òun àti FitzGerald tó ti búra bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí, àwa tí a ń ṣètò ìbò sì gbọ́dọ̀ wò ó dáadáa. Gbogbo ènìyàn ti ka òfin náà fún ohun tó kọ̀. Keogh ka ohun tí òfin náà gbàgbé láti kọ̀. Ìbúra wà lẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ìbúra kankan lẹ́nu ọ̀nà kóòtù Ennis. Láti orí èyí, ọ̀rọ̀ kúrò ní “ṣé FitzGerald ṣe dáadáa?”, èyí tí wọn ì bá pàdánù, ó di “ṣé Àgùdà kì í ṣe ènìyàn ni?”

Clare tún lo irú ọgbọ́n yìí ní ọdún 1917. Willie Redmond, aṣojú East Clare, kú sójú ogun ní Messines ní oṣù Kẹfà. Àwọn olùdìbò yan Éamon de Valera, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ẹ̀wọ̀n, pẹ̀lú ìbò 5,010 sí 2,035 tí Patrick Lynch ní. De Valera ti sọ fún wọn pé òun kò ní lọ sí Lọ́ńdọ̀nù rárá. Àwọn bàbá ńlá wọn ti yan ẹni tí kò lè jókòó; àwọn náà yan ẹni tí kò fẹ́ jókòó.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 1828. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà sí ọjọ́ 30 tí wọ́n fa olùdíje kalẹ̀, ọjọ́ mẹ́fà péré ni. Tom Steele, onílẹ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì tó fẹ́ràn O'Connell dójú ikú, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Clare. Ó kéde pé onílẹ̀ tó bá bínú pé òun ń bá àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lè wá, kí àwọn jọ yìnbọn fún ara wọn. O'Gorman Mahon ń lọ láti abúlé dé abúlé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi wà lọ́wọ́ àwọn fadá.

Ẹ wo Corofin. Sir Edward O'Brien ti Dromoland ló ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ lágbègbè náà, ọmọ rẹ̀ sì ni aṣojú Clare kejì. Kò sẹ́ni tó rò pé àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ lè yà kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn Máàsì, Fadá John Murphy kọjú sí wọn, ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní èdè Irish. Èdè ìjọba, èdè kóòtù, èdè ìwé ilẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn. Fadá fi èdè tí wọ́n fi ń gbàdúrà, tí wọ́n fi ń bá ọmọ wọn wí, sọ fún wọn pé ìbò ti di ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wọn. Àwọn àgbẹ̀ O'Brien tẹ̀ lé fadá lọ sí Ennis, wọ́n fi onílẹ̀ sílẹ̀.

Ennis kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ìjọba ti kó sójà sítòsí, wọ́n ń retí ìjà, torí ìjà yóò jẹ́ àwáwí láti fagi lé gbogbo rẹ̀. Ìjà kò ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ ti fòfin de ọtí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kan wisikí títí ìbò yóò fi parí, wọ́n sì pa á mọ́. Lójú mi, èyí ni iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo ètò náà, torí pé ọtí ọ̀fẹ́ ni olùdíje ìgbà náà fi ń fa ènìyàn mọ́ra. Àwọn ènìyàn ń sùn sí gbangba, àwọn fadá ń bá wọn wá oúnjẹ, àwùjọ abúlé kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ̀ lé fadá tirẹ̀ lọ síwájú akọ̀wé.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fa olùdíje kalẹ̀, ìpolongo fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú rú. FitzGerald dìde, ó ka oore tí òun ti ṣe, ó dárúkọ bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe àwọn ènìyàn. Àwọn kan nínú àwọn tó wá fún O'Connell pàápàá ń sunkún. O'Connell mọ̀ pé bí òun bá jẹ́ kí ẹkún yẹn jinlẹ̀, ìbò ti lọ. Ó dìde, ó sì le: ó rán wọn létí pé FitzGerald ti bá ìjọba Perceval ṣiṣẹ́, ọ̀tá paraku àwọn Àgùdà, ó sì béèrè bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe lè máa jókòó láàárín àwọn ọ̀tá wọn. Ọ̀rọ̀ náà korò, kò sì tọ́ sí FitzGerald tán. N kò lè sọ pé inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ènìyàn kúrò lára omijé ọkùnrin kan, ó padà sórí ìjọba.

Ìbò bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù Keje. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ti tán. FitzGerald kọ̀wé sí Peel, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, pé gbogbo àwọn ẹni ńlá ilẹ̀ náà ni àwọn àgbẹ̀ wọn fi sílẹ̀.

Wellington ṣírò rẹ̀ bí ológun. Bó bá tú ilé ká láti ṣe ìbò tuntun, ẹkùn tó pọ̀ ní Írẹ́láǹdì yóò ṣe bíi Clare. Bó bá fi ará Írẹ́láǹdì kankan ṣe mínísítà, ẹni náà gbọ́dọ̀ padà lọ tọrọ ìbò, kí ojú FitzGerald sì tún rí i. Òun àti Peel, tí wọ́n ti ta ko ẹ̀tọ́ àwọn Àgùdà ní gbogbo ayé wọn, ló wá gbé òfin náà wá. Peel pàdánù ìjókòó Oxford nítorí rẹ̀. Wellington fúnra rẹ̀ bá Lord Winchilsea yìnbọn ní pápá Battersea ní oṣù Kẹta ọdún 1829. Ẹnì kankan ò fara pa. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin, ọba fọwọ́ sí i: Àgùdà lè wọ ilé aṣòfin.

Lọ́jọ́ kan náà ni òfin mìíràn gba ìfọwọ́sí. Ẹni tó bá fẹ́ dìbò ní àwọn ẹkùn àgbègbè Írẹ́láǹdì gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tí èrè rẹ̀ tó pọ́n-ùn 10 lọ́dún. Pọ́n-ùn 10 jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ṣílè 40. Iye olùdìbò já bọ́ láti nǹkan bí 216,000 sí nǹkan bí 37,000. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn lọ́yà àti àwọn oníṣòwò Àgùdà, wọ́n sì gba ìbò lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn náà ṣí.

Ìjọba kò mú èyí wá látòkè òun nìkan. Ní 1825, nígbà tí wọ́n ń jíròrò irú òfin kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù, O'Connell ti gbà pé kí wọ́n fi ìbò ṣílè 40 ṣe pàṣípààrọ̀. Ilé àwọn ìjòyè ló da òfin náà nù. Lẹ́yìn Waterford ojú tì í, ó tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì ṣèlérí pé òun kò ní gbà á mọ́. Ní 1829, ó sọ̀rọ̀ lòdì sí i, ẹgbẹ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí Clare kejì. Wọn kò kó ẹnikẹ́ni jọ bí wọ́n ṣe kó wọn jọ ní Ennis. Ìdí rẹ̀ kò ṣòroó rí: wọ́n bẹ̀rù pé bí àwọn bá yarí, Lọ́ńdọ̀nù yóò fa gbogbo rẹ̀ padà. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ kankan níbi tí wọ́n ti ń ṣírò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ìpolongo, tí ẹ ó bá ìjọba jókòó lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti borí, ẹ béèrè kí ẹ tó wọlé: ta ni nínú àwọn tó gbé wa débí tí kò sí níhìn-ín, kí ló sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ìjíròrò tó bẹ̀rẹ̀, torí bí ayọ̀ bá ti wọlé, kò sẹ́ni tí yóò rántí. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran; ó yẹ kí a lè ríran nígbà tí a bá ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú.

Ti O'Connell fúnra rẹ̀ kò tíì tán. Òfin tuntun náà wà fún ẹni tí wọ́n bá yàn lẹ́yìn rẹ̀ nìkan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1829, ó wọ ilé aṣòfin, wọ́n gbé ìbúra àtijọ́ fún un. Ó kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 18, ilé dìbò 190 sí 116 pé kò gbọdọ̀ jókòó láìbúra. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún gbé ìbúra náà fún un. Ó wò ó, ó ní apá kan wà nínú rẹ̀ tí òun mọ̀ pé irọ́ ni, apá kan sì wà tí òun kò gbà pé òtítọ́ ni. Wọ́n dá a padà sí Clare.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje, Clare tún yàn án. Kò ní alátakò, nítorí náà wọn ò pe ẹnikẹ́ni wá síwájú akọ̀wé. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbẹ̀ ọdún tó kọjá kò ní ìbò mọ́. Ó jókòó nílé aṣòfin ní oṣù Kejì ọdún 1830. Nígbà tí ìbò gbogbogbò dé lọ́dún kan náà, ó fi Clare sílẹ̀, ó lọ díje ní Waterford. Ara àwọn tó gba ìjókòó Clare lọ́dún yẹn ni Major Macnamara, ẹni tó ní òun kò lè díje ní 1828. Ó wà lórí ìjókòó náà títí di ọdún 1852.